Ọ̀pẹ Tí Kò Sí Níbẹ̀

Láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó yọ, mo máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé mi ní Adja-Ouèrè, n ó rọ eékún díẹ̀, n ó gbé apá méjèèjì síwájú àyà bí ẹni tó gbá ọ̀pẹ mọ́ra, n ó sì dúró bẹ́ẹ̀ láìmira. Kò sí ọ̀pẹ níbẹ̀ o. Igi kankan kò sí níbẹ̀ rárá, àfi okùn tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí. Àwọn ọmọ ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ alùpùpù, àwọn tí a ń pè ní sẹ̀míjàn, a sì máa fun fèrè sí mi bí wọ́n bá ń gbé èrò lọ sí Kpoulou. Kí wọ́n máa fun ún lọ. Bí wọ́n bá mọ ẹni tí mò ń retí, ẹnu wọn ì bá wọhò.

Akọ̀pẹ ni wá nílé wa. Bàbá mi kọ ẹyìn, bàbá tó bí i kọ ẹyìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa àsíá Faransé wálẹ̀ tí wọ́n fa ti Dàhòmì sókè, orí ọ̀pẹ ni bàbá mi wà. Ó ní òun gbọ́ ariwo ayọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n òun gé ìdì ẹyìn tó kù tán kí òun tó sọ̀ kalẹ̀ wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Igbà ni okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ: a ó fi yí igi náà ká, a ó fi yí ìdí ara wa ká, a ó fẹ̀yìn tì í, a ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ta igi, a ó máa sún okùn sókè díẹ̀díẹ̀. Òfin kan wà tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ pẹ̀lú ẹ̀kọ ní ìlú wa: a kì í pe ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Ìbáà jẹ́ ilé rẹ̀ ló ń jó, dúró kó sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbàgbé òfin yìí. Ó ti ọjà Oko-Akarè dé, inú rẹ̀ ń dùn, ó rí mi lókè, ó sì fi gbogbo ohùn pè mí láti kí mi. Mo yíjú wò ó. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, igbà tú mọ́ mi lọ́wọ́, ibi tí mo tún ti mọ ara mi ni inú igbó nísàlẹ̀, tí ìbàdí mi ń jó mi bí iná. Oníṣègùn eegun fi gbogbo ìgbà òjò tọ́jú mi. Mo rìn padà, mo ro oko padà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ igbà, tí ẹsẹ̀ mi bá ti kúrò nílẹ̀ tó gíga orí àgbàlagbà, ẹsẹ̀ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ti ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. N ó sì bẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bú mi, èyí gan-an ló sì dùn mí jù.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọbìnrin kan wà ní Kpoulou tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe epo ni mo ti kọ́kọ́ rí i, epo kùn ún dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín nítorí mo gbé ẹrù ẹyìn wá mo sì gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn epo tuntun, ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọkọ ìyàwó ní láti ṣe iṣẹ́ àna lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn: òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá kọ ọ̀pẹ bàbá ìyàwó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì gun èyí tó ga jù lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá ọmọ náà ti gbọ́ pé mo jábọ́. Ó wá sílé wa, ó jẹ obì, ó kí ìyá mi dáadáa, ó wá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ ni,” ó ní. “Bí ọmọ yín bá gun ọ̀pẹ ẹ̀bá ọ̀nà, ó ti níyàwó. Bí kò bá lè gùn ún, a ó máa kí ara wa lọ́nà ọjà.”

Bàbá mi ní ó dára. Kí ni ì bá tún sọ? Ẹlòmíràn ti ń yọjú nílé wọn, a sì gbọ́.

Ìgbà yẹn ni ìjọba kó àwọn ará Ṣáínà wá sí àkùrọ̀ tó wà nísàlẹ̀ oko wa, lójú ọ̀nà Oko-Akarè, pé kí wọ́n wá kọ́ wa bí a ṣe ń gbin ìrẹsì sínú omi. Ṣinúà ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè wọ́n, àwa náà sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí, ó gbẹ, ewú ti yọ létí rẹ̀, ẹrẹ̀ kì í sì í kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀. Láràárọ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń jáde sí etí àkùrọ̀, yóò rọ eékún, yóò ká apá síwájú, yóò dúró. Ẹ ó kí i, kò ní dáhùn. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa, kí a kí ènìyàn káàárọ̀ kó má jẹ́ni. Àwọn kan ní abìwà burúkú ni. Àwọn obìnrin tó ń lọ sódò ní rárá, pé ẹ̀jẹ́ òrìṣà ìlú rẹ̀ ló ń san, bíi ti ẹni tó ń pọn omi òrìṣà láàárọ̀ tí kì í lanu. Wọ́n bá ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n bá ń kọjá, kí wọ́n má ba tirẹ̀ jẹ́.

Bàbá mi kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ó lọ wò ó, ó wo eékún, ó wo ẹ̀yìn, ó wo bí apá ṣe ká, ó padà wálé wá sọ fún ìyá mi pé ọ̀pẹ ni ọkùnrin náà ń gùn. Ó ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wa ló wù ú, ojú ló ń tì í láti bèèrè, àjèjì ni, ó bá ń fi ara rẹ̀ dán an wò níbi tí kò sí igi. Àánú rẹ̀ ṣe bàbá mi gidigidi. Ó jókòó, ó hun igbà tuntun, ó fojú wọn ìdí ọkùnrin náà kó má baà tóbi jù. Nígbà tó parí, èmi ló pè pé kí n gbé e lọ, kí n sì kọ́ ọ. Èmi! Ìyá mi bi í bóyá kò ní ọmọ mìíràn ni. Ó ní àwọn yòókù mọ ọ̀pẹ gùn jù láti fi kọ́ ènìyàn.

Mo gbé e lọ tìtìjú tìtìjú. Mo dúró títí ọkùnrin náà fi gbé apá sílẹ̀, mo wá dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo fún un ní igbà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Faransé díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́, èmi náà kò sì ju bí mo ṣe fi lẹkọ́lù, ilé ìwé Faransé, sílẹ̀ lọ, nítorí náà ọwọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Mo fi bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ hàn án nídìí ọ̀pẹ kékeré kan. Ó wọ̀ ọ́, ó fẹ̀yìn tì í, ó gbé ẹsẹ̀ lé ara igi, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ń retí kó gùn. Kò gùn. Ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀, èémí rẹ̀ rọ̀, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Nígbà tó pẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó ní nílé àwọn, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń dúró báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rò ó rí láti mú okùn wá.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní kí èmi náà wọ̀ ọ́. Mo wọ̀ ọ́. Kò tilẹ̀ tíì ga tó àyà ènìyàn tí ẹsẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ máa lọ, nítorí omi ti ń lé sí mi lójú. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn eékún mi, ibi tó ṣì ń gbọ̀n.

“Ìbẹ̀rù kọ́ nìyí,” ó ní. “Ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń gbọ̀n. Jẹ́ kó gbọ̀n.”

Láti ọjọ́ náà ni akọ́ni ti di ọmọ ẹ̀kọ́. Ó gba igbà lọ́wọ́ mi, ó so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní kí n wá sí etí àkùrọ̀ láràárọ̀, kí n dúró lórí ilẹ̀, kí n gbá ọ̀pẹ tí kò sí níbẹ̀ mọ́ra. Ẹsẹ̀ fẹ̀ tó èjìká. Ìdí wálẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó sórí àpótí. Èjìká kó rọ̀, ahọ́n kó kan àjà ẹnu, kí orí dà bí ẹni ru omi tí kò fẹ́ kó dà. Ìyẹn náà ni. Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn? Ẹ dìde dúró kí ẹ dán an wò. Apá mi wúwo bí ẹni gbé ọlọ, itan mi ń jó mi, mo sì ń fi inú ṣépè fún un, òun àti ìrẹsì rẹ̀ àti ọkọ̀ tó gbé e wá. Ó lófin tirẹ̀: ọmọ ẹ̀kọ́ kì í gbé apá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi tí olùkọ́ bá ní ó tó. “Ó tó” yẹn wà lára ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́, lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó ń bu ọbẹ̀ fún wọn ló ti kọ́ ọ. Tí mo bá ti ń sọ apá kalẹ̀, yóò sọ ọ́ jẹ́jẹ́ láìwojú mi pé, “Má tíì gbé e sílẹ̀.” Tó bá pẹ́ títí, tí mo ti gbàgbé pé mo lápá, ó máa wá ní, “Ó tó.” Kò sí orin tó dùn tó ọ̀rọ̀ méjì yẹn létí mi nígbà náà.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tó yípadà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárọ̀ kan, gbígbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mi ò sì bá a jà. Ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, ó wá ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń wọ ilẹ̀ dúdú wa, títí ó fi kúrò lára mi. Mo wà nílẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìrẹsì, mo gbọ́ àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti odò, mo sì mọ̀ nígbà náà ìdí tí kì í fi í dáhùn ìkíni. Kì í ṣe àfojúdi. Ó jìnnà síbi tí ohùn wà ni.

Ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń ja ìjàkadì jù nínú wa ní òun yóò ti ọkùnrin ìdúró yìí ṣubú kí n lè gba òmìnira. Ó wá, ó fi èjìká tì í. Ọkùnrin náà kò janpata, ó kàn wálẹ̀ díẹ̀, ó yí ìbàdí bí ẹni fẹ́ wẹ̀yìn, onígídígbò wa bá wọ inú ìrẹsì, ó fi orí kó ẹrẹ̀. Àwa náà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tó nu ojú tán. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́! Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìjà wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúró ni ìpìlẹ̀, ìyókù kàn ń hù lórí rẹ̀ ni. Ó fi díẹ̀ hàn mí: ó yí apá lọ, ó yí i bọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ya koríko kúrò lójú omi kó lè bù ú. Ó ní èyí ló kàn, òun yóò kọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, kí n kọ́kọ́ lọ gun ọ̀pẹ mi. Mo bi í pé ta ló kọ́ òun. Ó ní ọkùnrin kan ní ìhà kejì òkun ilẹ̀ àwọn, ogun ló yà wọ́n, òun kò sì ráyè dágbére fún un. Ó yí ọ̀rọ̀ sí ìrẹsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìlú wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní Kútọnu. Rádíò ń pariwo révolúsíọ̀n, ìyẹn ìyípadà ńlá, a sì ń bi ara wa léèrè bóyá yóò mú iyọ̀ wọ́n ni tàbí yóò mú un pọ̀. Kò pẹ́, rádíò tún ní ìjọba tuntun ti bá Ṣáínà kejì dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì ti pínyà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Háà! A ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n pé méjì. A rò pé Ṣáínà kan ló wà bí Àjàṣẹ́ ṣe jẹ́ ọ̀kan. Mo sáré lọ bi ọkùnrin náà èwo ni tirẹ̀. Ó ní ti erékùṣù, èyí àkọ́kọ́ náà. Mo ní ṣé wọ́n á lé wọn ni? Ó ní òun kò tíì gbọ́ nǹkan kan, kí n gbé apá sókè.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ àna. Ètè gbogbo wa ti là. Ẹgbẹ́ mi tú ká sínú ọ̀pẹ àna, bàbá mi àti bàbá ọmọ náà dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ọmọbìnrin náà ń bu omi fún àwọn òṣìṣẹ́, kò sì wò mí lójú nítorí ìtìjú ìyàwó. Igbà tí bàbá mi hun fún ọkùnrin náà ni mo wọ̀. Ọkùnrin náà ló dá a padà fún mi láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ní kí n bá òun gùn ún. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ lásán ni.

Mo gòkè. Bí mo ṣe dé gíga orí àgbàlagbà, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo dúró. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rò pé ó ti tán, mo rí bí bàbá mi ṣe ń wolẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dé ibẹ̀ rí, mo ti dúró síbẹ̀ láràárọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ̀yìn ti igbà, mo jẹ́ kó máa gbọ̀n, mo sọ fún un pé ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo sún okùn sókè. Mo tún sún un. Nígbà tí mo lajú dáadáa, imọ̀ ọ̀pẹ ti ń gbá mi létí. Mo yọ àdá, mo gé ìdì àkọ́kọ́, ó dún gbì nílẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mi sì pa ẹnu mọ́ bó ṣe yẹ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti rí eruku láti ọ̀nà Oko-Akarè. Jíìpù àwọn Ṣinúà ni. Ó dúró lábẹ́ ọ̀pẹ gan-an, ọkùnrin náà sì sọ̀ kalẹ̀. Ó wọ ṣòkòtò mímọ́, ó wọ bàtà aláwọ. Inú mi dùn, mo ní ó mà wá wò mí o, ó tilẹ̀ múra. Kò pè mí. Èmi ni mo kọ́ ọ lófin náà. Ó wo òkè títí ó fi rí ojú mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó rọ eékún, ó ká apá síwájú, ó dúró. Èmi náà ki àdá bọ ìgbàdí, mo fi apá méjèèjì yí ọ̀pẹ ká. A wo ara wa báyìí, òun nílẹ̀, èmi lókè. Mo ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè nítorí ìgbéraga. Lẹ́yìn náà ó wọ bàtà, ó sọ nǹkan fún ọmọbìnrin náà, ó mu omi lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ sì lọ. Mo yọ àdá, mo ń gé ẹyìn mi lọ.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ pẹ̀lú igbá omi. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ìyàwó.

“Ó ń lọ sí ìlú rẹ̀ ni,” ó ní. “Gbogbo wọn ni. Ọkọ̀ òfurufú ń dúró dè wọ́n ní Kútọnu.”

Mo bi í kí ló dé tí kò pè mí. Ó gbójú sókè wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

“A kì í pe ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ.”

Mo sáré. Mo sáré títí dé ibi tí ọ̀nà ti yà, atẹ́gùn ọyẹ́ ti gbá eruku ọkọ̀ náà lọ. Lẹ́yìn mi ni bàbá ọmọbìnrin náà ti ń pè mí ní àna, ọ̀rọ̀ tí mo ti fi odidi ọdún retí, mi ò sì lè yíjú. Òun ló wá bá mi níbẹ̀, ọmọbìnrin náà, ó ní òun kò tíì jíṣẹ́ tán. Ó ní ọkùnrin náà ní kí òun sọ fún mi pé kí n má tíì gbé apá sílẹ̀.

Ohun tó sọ náà nìyẹn, kò fi nǹkan kan lé e. Àwọn ará Ṣáínà kejì wá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò dé ọ̀dọ̀ tiwa. Koríko gba àkùrọ̀. Bàbá mi kú láìgbà rí pé kì í ṣe ọ̀pẹ ni ọkùnrin náà ń gùn. Mo bí ọmọ, mo kọ ẹyìn títí orúnkún mi fi ní kí n fàyè sílẹ̀, ọ̀pẹ tuntun tí wọ́n ń gbìn báyìí kò sì ga, ilẹ̀ lẹ ó ti máa gé e. Yíyí apá bí ẹni ń ya koríko lójú omi, mi ò rí ẹni kọ́ mi. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ fúnra mi, mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, kí n má parọ́ fún yín, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti fẹ́. Bóyá ó ti kú. Bóyá òun náà ń dúró níbì kan, tó ń retí olùkọ́ tiẹ̀ ní ìhà kejì òkun.

Láràárọ̀ ni ìyàwó mi máa ń pè mí láti ilé ìdáná, ọmọ Kpoulou ọjọ́sí, pé ó tó o, ẹ̀kọ ń tutù. Mo máa ń gbé apá sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ náà. Òun náà mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu òun ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Kì í bínú. Ó kàn ń bu ẹ̀kọ fún mi, á sì jókòó tì mí títí n ó fi mu ún tán.